Orúkọ Obìnrin Lórí Pátákó Òpópónà: Gbèsè tí Ìbàdàn Jẹ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, tí a sọ ní Òjé, Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń bá aláṣọ òfì Òjé sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rìndínlógún kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ìbàdàn ti ń fi obìnrin joyè Ìyálóde láti ayé ogun. Ó fún Ìyálóde ní ìjókòó láàárín àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Kí ló wá dé tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi ń lọ́ra láti fi orúkọ obìnrin sọ òpópónà tàbí ọgbà ìgbafẹ́?

N ó sọ èsì mi ṣáájú, kí ẹni tó bá ní láti tètè lọ palẹ̀ ọjà mọ́ lè gbọ́ ọ. Oyè la fi ń dá obìnrin lọ́lá níbí, oyè kì í sì í tọ́jú orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ìlú ti dá wọn lọ́lá lójú ayé wọn, ó sì jẹ wọ́n ní gbèsè lẹ́yìn ikú.

1. Kí ni òpópónà, kí sì ni orúkọ?

Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òjé tó béèrè ọ̀nà, kò sẹ́ni tí yóò sọ nọ́ńbà ilé fún un. Wọ́n á bi í pé, “Ilé ta lẹ ń lọ?” Bó bá ní ilé Délésọlú ni, ọmọ tó ń kiri omi á mú un dé ẹnu ọ̀nà. Délésọlú ló dá ọjà yìí sílẹ̀, agboolé rẹ̀ ló sì kọjú sí i títí dòní. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òkè Ìrẹ́fín, bẹ́ẹ̀ ni Lábíran, bẹ́ẹ̀ ni Òkè Aàrẹ. Ìlú ológun ni Ìbàdàn. Ológun ló gba ilẹ̀, ológun ló pín in fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì dúró lórí ilẹ̀ náà. N kò rí ìkórìíra obìnrin kankan nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìdílé ni. Orúkọ agboolé ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni agboolé, ọ̀tọ̀ ni òpópónà. Ohun tí mò ń pè ní òpópónà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀nà tí owó ìlú là, tí owó ìlú da ọ̀dà sí, tí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa, pàápàá nígbà tó bá dí. Kò sí mọ́gàjí agboolé kan tó lè ní òun nìkan ló ni ín. Ọgbà ìgbafẹ́ náà ń bẹ nínú ẹ̀ka yìí. Owó orí, owó ìsọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn obìnrin ọjà ń san wà nínú ọ̀dà ọ̀nà wọ̀nyí. Orúkọ tó bá wà lórí rẹ̀ kì í sọ ẹni tó ni ilẹ̀ mọ́. Ohun tó ń sọ ni ẹni tí ìlú pinnu pé òun kò fẹ́ gbàgbé. Ìpinnu ni, ẹnì kan ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é.

Òfin tilẹ̀ ti sọ ẹni náà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Sísọ ojú ọ̀nà àti òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé wà níbẹ̀. Ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò dọwọ́ Àbújá, kò dọwọ́ gómìnà. Káńsù tí ẹ ń kọjá níwájú rẹ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Obìnrin Yorùbá a máa ní àpèlé púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ló kù lẹ́nu aráyé. Ó di Ìyá Rísì, ó di Ìyá Àlàní. Bó bá ń tajà, ọjà rẹ̀ á tún gba ipò ọmọ: Ìyá Aláṣọ, Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Mo mọ ìsọ̀ kan nínú ọjà yìí tí oníbàárà ti ń ra sányán àti àlàárì lọ́wọ́ ìyá kan láti ìgbà tí wọ́n ti ń múra ìgbéyàwó tiwọn, tí wọ́n ti wá ń ra ti ọmọ wọn báyìí. Bí ẹ bá bi wọ́n ní orúkọ tí bàbá ìyá náà sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ ó rí i pé wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Ìyá náà kò bínú. Ó ní ọ̀wọ̀ ni. Òótọ́ ni, ọ̀wọ̀ ni, ọ̀wọ̀ náà ló sì ń bo orúkọ mọ́lẹ̀.

2. Oyè kì í tọ́jú orúkọ

Ìyálóde àkọ́kọ́ tí Ìbàdàn ní ni Ṣubúọlá. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ yẹn kí a tó wọ ibí lónìí? N kò ní kí ẹ nawọ́. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó jẹ tẹ̀lé e ni gbogbo wa mọ̀, ẹ ó sì rí i pé kì í ṣe oyè ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìwé eré nípa rẹ̀, ìwé náà jáde ní 1970, wọ́n ṣe é ní pápá ìṣeré fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n sì ṣe fíìmù rẹ̀. Láìsí òǹkọ̀wé kan, orúkọ Ẹfúnṣetán ì bá wà níbi tí ti Ṣubúọlá wà.

Bí oyè ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Ìjókòó ni oyè. Ẹni kan á dìde, ẹlòmíràn á jókòó, ìlú á sì máa kí “Ìyálóde” bákan náà. Ológun tó joyè Balógun ní agboolé tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Ìyálóde kì í sábà ní irú agboolé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé ọkọ tàbí ilé bàbá ni ó ti jáde. Ẹ wo ìlú méjì tí obìnrin kan náà ti gbé ayé. Ẹfúnróyè Tinúbú di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ó sì kú ní 1887. Ní Abẹ́òkúta, ibì kan wà tí à ń pè ní Ìta Ìyálóde, oyè ni ibẹ̀ ń jẹ́. Ní Èkó, orúkọ ara rẹ̀ ni ìta náà ń jẹ́: Ìta Tinúbú, tó di Tinubu Square. Nígbà òmìnira, ìjọba yí i padà sí Independence Square. Tinúbú náà ló tún padà di. Títí di òní, ọmọ Èkó tí kò mọ ohunkóhun nípa òwò Tinúbú àti bí wọ́n ṣe lé e kúrò ní Èkó ní 1856 ń dárúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú dánfó.

Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn: ìlú tó fi oyè sílẹ̀ tọ́jú ipò, ìlú tó fi orúkọ sílẹ̀ tọ́jú ènìyàn.

3. Ìbàdàn kò kọ orúkọ obìnrin, tirẹ̀ ló kọ̀

Ẹnì kan lè ní àṣà wa kò gba orúkọ obìnrin lójú títì. Ẹ gùn mọ́tò láti Mọ́kọ́lá lọ sí apá ilé ìwòsàn UCH kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń pe ọ̀nà náà: Queen Elizabeth Road. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn ní 1956. Ọjọ́ díẹ̀ ló lò. Ọ̀nà ńlá ló fi ṣèrè. Ní University of Ibadan, ọ̀kan nínú àwọn ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń jẹ́ Queen Elizabeth II Hall.

Ẹ tún wo St. Anne's School ní Mọlété. Anna Hinderer, ìyàwó òyìnbó míṣọ́nnárì David Hinderer, ni wọ́n fi rántí nínú orúkọ yẹn. Wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853, Anna sì kọ́ ọmọ wa ní ìwé ní Kúdẹtì. Ó fara dà á títí ìlera rẹ̀ fi bàjẹ́. Orúkọ náà tọ́ sí i, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọ̀rọ̀ àṣà ti já. Ìlú tó lè fi orúkọ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀nà àti iléèwé láìsí pé ilẹ̀ mì, kò lè ní àṣà ni kò jẹ́ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀.

4. Àwọn wo ló tọ́ sí?

N ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ rọrùn jù lọ. Wúràọlá Ẹṣan ni wọ́n bí ní 1909. Ní 1944, nígbà tí ọ̀pọ̀ bàbá níbí ṣì ń sọ pé ìwé obìnrin ń parí sí ìdí àdògán, ó dá iléèwé Ibadan People's Girls' School sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ó wọ òṣèlú pẹ̀lú ẹgbẹ́ Action Group. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Èkó. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo ilé kún fún ọkùnrin, agbádá àti kóòtù, òun nìkan sì wà láàárín wọn pẹ̀lú gèlè. Ní 1975 ni Ìbàdàn fi í jẹ Ìyálóde. Ó kú ní 1985. Iléèwé, ilé aṣòfin, ààfin: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dé pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá ṣe ìdá mẹ́ta èyí, ọ̀nà mélòó ni wọn ì bá ti sọ lórúkọ rẹ̀!

Ẹnì kejì súnmọ́ ẹ̀yin aláṣọ. Alhaja Humuani Alága jẹ́ olórí àwọn obìnrin aláṣọ ní ọjà Gbági láyé àwọn òyìnbó. Obìnrin ọjà ni, kò lọ sí yunifásítì kankan. Síbẹ̀ òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀, tí wọ́n sì fi owó aṣọ títà kọ́ Isabatudeen Girls' Grammar School kí ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè kàwé láìyí ẹ̀sìn padà. Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lára iléèwé, orúkọ tirẹ̀ kọ́. Bí ọ̀nà kan bá wà láyìíká ọjà aṣọ tí kò ní orúkọ, èmi mọ ti ẹni tí mo máa fi sọ ọ́.

Tanimowo Ogunlesi ńkọ́, tó dá Children's Home School sílẹ̀ ní ìlú yìí, tó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1959? Elizabeth Adekogbe ńkọ́, tó kó obìnrin Ìbàdàn jọ ní 1952 láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò? N ó fi wọ́n sílẹ̀ fún olùkọ́ ìtàn yín. Àkójọ yìí kò ní ya ẹnikẹ́ni nínú yín lẹ́nu bí ẹ bá tẹ́tí sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní University of Ibadan láti fi hàn pé ìtàn ilẹ̀ yìí kún fún obìnrin, ojú àwa òpìtàn ni kò ríran.

5. Àwọn àtakò

Ẹni tó bá ń gbèjà obìnrin ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán ni wọ́n á kọ́kọ́ fi tì í. Wọ́n á ní ìkà ni, ó ní ẹrú bíi yanrìn, ó pa aboyún ẹrú lẹ́yìn tí ọmọ tirẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀. N kò ní sọ pé mímọ́ ni ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ẹrú, ẹrú náà sì jìyà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí òpìtàn Samuel Johnson kọ pé Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fi kàn án ní 1874: pé kò bá Ààrẹ lọ sógun, pé kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́, pé kò jáde wá pàdé Ààrẹ lẹ́yìn odi ìlú nígbà tó ti ogun dé. Ọ̀rọ̀ ẹrú kò sí níbẹ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì mú kí àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ wá gòkè lọ sí Òkè Aàrẹ. Ààrẹ Látòósà tó pa á ni òkè náà ń jẹ́ orúkọ oyè rẹ̀. Òun ló kó Ìbàdàn lọ sógun Kírìjì, òun náà ló kú sí ibùdó ogun ní 1885, ẹrú tí ogun Ìbàdàn kó kò sì ṣeé kà. Lórí òkè kan náà ni Láyípo wà, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó fi àgbá fọ́ Ọ̀yọ́ ní 1895. Ta ló yẹ ọwọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí wò kí wọ́n tó fún wọn ní òkè? Bí ẹ bá fẹ́ òfin pé ẹni tó kó ẹrú kò gbọ́dọ̀ ní òpópónà, èmi náà á fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn balógun. Ìlú á ṣófo pátákó. Bí a kò bá lè ṣe é, ẹ má fi òṣùwọ̀n kan wọn obìnrin, kí ẹ fi òmíràn wọn ọkùnrin. Wọ́n ti gbé ère Ẹfúnṣetán kalẹ̀ ní ráńdábáùtù Challenge. Ní tèmi, bí ó bá ní òpópónà lọ́la, kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sí ìdí pátákó náà, tinú tẹ̀yìn, ẹrú àti ọlá.

Àtakò kejì ni pé yíyí orúkọ padà ń da ìwé ilẹ̀ àti àdírẹ́sì rú. Òtítọ́ ni. Nítorí náà n kò ní kí ẹ yí orúkọ Délésọlú padà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Títì tí kò lórúkọ pọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ wọ ẹ̀yìn Yemẹtu, ẹ wọ ẹ̀yìn Bẹẹrẹ, ẹ ó rí ọ̀nà tó gba mọ́tò méjì, tí ohun tó ń jẹ́ kò ju “ọ̀nà tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí” lọ. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Àtakò kẹta ni pé aráyé kò ní í pè é. Mo ti sọ ti Tinúbú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti Kudirat Abíọ́lá kún un, nítorí pé ó fi agbára tó wà nínú pátákó hàn ju ẹ̀kọ́ èyíkéyìí lọ. Wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, 1996, nítorí pé kò gbà kí wọ́n gbàgbé ìbò ààrẹ tí ìjọba ológun fagi lé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìlú New York fi orúkọ rẹ̀ sọ igun òpópónà tó wà níwájú ilé Nàìjíríà níbẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọba ológun kò lè wọ ibi iṣẹ́ láìkọjá lábẹ́ orúkọ obìnrin náà. Kí ni ìjọba Àbáchà ṣe? Wọ́n fi orúkọ Louis Farrakhan, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tako ìjọba Amẹ́ríkà, sọ òpópónà tí ilé aṣojú Amẹ́ríkà wà ní Victoria Island! Ìjọba tó ní ìbọn àti túbú ń bá pátákó orígun títì jà. Lẹ́yìn ìjọba náà, orúkọ Walter Carrington, aṣojú Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi sọ òpópónà Èkó yẹn. Kudirat sì ní ọ̀nà tirẹ̀ ní Orégùn.

Mo lè mú yín rìn jìnnà sí i. Ní Kútọ́nù, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ṣí gbàgede kan ní 2022, wọ́n sì fi ère ńlá ti obìnrin jagunjagun Dàhòmì síbẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú Kàlàbá ń jẹ́ Margaret Ekpo. Ìlú tó bá fẹ́ ṣe é ń ṣe é.

6. Bí a ó ṣe ṣe é

Ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún olóṣèlú lásán, ìyàwó alága àti ìyàwó gómìnà ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ sórí pátákó, tí ìjọba bá sì yí padà, ẹni tó bá dé á fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ìlànà yìí: òkú nìkan, kì í ṣe alààyè, ẹni tó ṣe iṣẹ́ fún ìlú, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ olóyè, orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, kì í ṣe Ìyá Lágbájá tàbí ìyàwó Lámọrín. Kí mọ́gàjí tí ọ̀nà náà kọjá ní àgbègbè rẹ̀ mọ̀ sí i kí wọ́n tó kan pátákó. Kí orúkọ náà ní àmì ohùn, torí ó dùn mí bí mo ṣe ń rí orúkọ Yorùbá lórí pátákó ìjọba láìní ohùn kankan.

Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn ló ni àṣẹ lórí títì Òjé. Mo ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan sí alága àti àwọn kánsẹ́lọ̀. Orúkọ méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀nà kan láyìíká ọjà fún Humuani Alága, àti gbàgede kan, bí wọ́n bá lè rí ilẹ̀ tí kò tíì di ṣọ́ọ̀bù, fún Wúràọlá Ẹṣan. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, bírò wà níbẹ̀, táǹpáàdì sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìka. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi “Ìyá Aláṣọ” buwọ́ lù ú. Orúkọ tí wọ́n sọ yín ni kí ẹ kọ.